DAT One lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo: bí mo ṣe ń fi í ṣa lóòdù tó lérè

Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń san owó oṣooṣù fún DAT One, áàpù tí àwọn alágbàtà ẹrù ní Amẹ́ríkà máa ń gbé lóòdù wọn sí kí àwa ọlọ́kọ̀ lè rí i. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, èmi fúnra mi ni mo sì ń wà á. Tírélà tí mo ń fà jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní dry van, ìyẹn àpótí gbọọrọ tó ní ògiri àti òrùlé ṣùgbọ́n tí kò ní fíríìjì, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 53, Houston ní ìpínlẹ̀ Texas sì ni mo fi ṣe ibùdó. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí kò kéré mọ́ ní Houston àti Dallas, ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù lọ ni pé ṣé áàpù náà tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Mo ní ó tó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná lóòjọ́ ló máa jèrè rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìṣirò yẹn, owó ńláńlá tó rí lójú áàpù ni yóò máa lé kiri, àpò rẹ̀ kò sì ní wúwo nígbà tó bá délé.

Iṣẹ́ tí DAT ń ṣe kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Jubitz, ibùdó ìsinmi àwọn onítírélà ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, Dial-A-Truck sì ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Ojú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kọ àwọn ẹrù tó wà nílẹ̀ sí. Awakọ̀ tó bá yà wọlé láti ra epo tàbí láti jẹun á gbójú sókè wò ó, á sì pe nọ́ńbà èyí tó bá wù ú. Truckstop, tó ń bá DAT du ọjà kan náà, dé ní ọdún 1995, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti san owó àwọn méjèèjì pọ̀ rí fún oṣù mẹ́rin. Fún ẹni tó ń fa dry van láti Texas, DAT ni mo ti rí ẹrù tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń fa flatbed, tírélà pẹrẹsẹ tí kò ní ògiri tàbí òrùlé, lè rí i lọ́nà mìíràn, n kò sì ní bá a jiyàn.

Bí mo bá ṣí áàpù náà ní agogo márùn-ún ìdájí, tí mo tẹ Houston sí i, tí mo sì sọ iye máìlì tí mo lè fi òfìfo rìn kí n tó débi ẹrù, ìlà-ìlà ni àwọn lóòdù máa ń jáde. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ìlú tí wọ́n ti fẹ́ gbé ẹrù àti ìlú tó ń lọ, bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, bí ẹrù náà ṣe wúwo tó, bí ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, àti iye owó, bí alágbàtà bá fẹ́ ká rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ iye owó rárá, torí wọ́n fẹ́ ká pe àwọn ká tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ alágbàtà ni ẹ ó ti rí máàkì tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó nídìí owó, àti iye ọjọ́ tó máa ń tó kó tó san gbèsè rẹ̀. Ojú tèmi kì í kọ́kọ́ lọ sórí iye owó. Bí lóòdù ti pẹ́ tó lórí pátákó, ìyẹn ojú áàpù náà, ni mo máa ń wò ṣáájú, nítorí lóòdù tó ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá ẹrù, ní ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, tí ẹrù náà sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó di alẹ́, a jẹ́ pé alágbàtà ló wà lórí iná, kì í ṣe ọlọ́kọ̀.

Ohun tí mo torí rẹ̀ ń sanwó gan-an ni àkọsílẹ̀ iye tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà lójú ọ̀nà kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kọjá. Láìsí i, ọwọ́ òfìfo ni ọlọ́kọ̀ fi ń bá alágbàtà nájà, ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó mọ iye gbogbo ọjà. Mo fẹ́ gbé ẹrù kan láti Houston lọ sí Memphis, bíi máìlì 570. Alágbàtà náà là á ní dọ́là 1,200, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé àánú mi ló ń ṣe é. Mo wo àkọsílẹ̀ náà: ìpíndọ́gba ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 1,340, àwọn tó gbà jù sì ti gba 1,480. Mo ní kó san 1,500. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò ju 1,300 lọ. Mo bi í pé agogo mélòó ni ẹrù náà gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Agogo mẹ́jọ ti kọjá. A parí rẹ̀ sí 1,400. Igba dọ́là tí mo fi ìpè oníṣẹ́jú mẹ́rin rí nìyẹn, ẹni tó bá sì ti bá àwọn ìyálọ́jà Bódìjà nájà rí mọ̀ pé iye tí wọ́n bá là kì í ṣe iye tí wọ́n fẹ́ gbà.

Àmọ́ ìpíndọ́gba yẹn kò sọ bóyá èrè wà níbẹ̀ fún mi. Iye tí ọjà ń san ni ó ń sọ, ọjà sì lè máa san iye tí yóò tì mí wọ gbèsè. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìpíndọ́gba owó dry van lórí pátákó kọjá dọ́là 3 fún máìlì kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 2, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ra ọkọ̀ lówó gọbọi nígbà tí ọjà dùn ni ọkọ̀ náà sì ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Àjọ tí wọ́n ń pè ní American Transportation Research Institute ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, máìlì kan ń ná àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ní dọ́là 2.27. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nìyẹn o. Ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó ṣe tirẹ̀.

Tèmi rèé. Gbèsè ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 2,100 lóṣù, owó adójútòfò 1,450, owó tí mo fi háyà tírélà 800, ẹ̀rọ ELD (èyí tó ń kọ wákàtí tí mo fi wakọ̀ sílẹ̀), áàpù, ibi ìgbọ́kọ̀sí, fóònù àti ìwé àṣẹ lóríṣiríṣi 450. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,800. Bí mo bá fi ọjọ́ 22 ṣiṣẹ́ nínú oṣù, ọjọ́ kan ń jẹ nǹkan bíi 220 kí táyà tó yí rárá. Mo fi 280 kún un, torí owó iṣẹ́ ọwọ́ èmi awakọ̀ nìyẹn, iye tí ilé-iṣẹ́ kan ì bá san fún mi láìsí pé mo ní gbèsè ọkọ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ kan jẹ́ 500. Ní ti máìlì, epo dísù wà ní 3.60 fún gálọ́ọ̀nù kan nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí, gálọ́ọ̀nù kan sì ń gbé ọkọ̀ mi rin máìlì mẹ́fà àtààbọ̀, èyí tó jẹ́ sẹ́ǹtì 55. Mo máa ń fi sẹ́ǹtì 22 pamọ́ fún táyà àti àtúnṣe. Sẹ́ǹtì 77 fún máìlì kọ̀ọ̀kan, yálà ẹrù wà lẹ́yìn mi tàbí kò sí. Àwọn nọ́ńbà méjì yìí, 500 fún ọjọ́ kan àti sẹ́ǹtì 77 fún máìlì kan, ni mo lẹ̀ mọ́ pátákó iwájú ọkọ̀ mi, ìwé pélébé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n tán nínú oòrùn.

Kí n tó ní ìwé pélébé yẹn, mo gba lóòdù kan láti Houston lọ sí Lakeland ní Florida, dọ́là 2,650 fún nǹkan bíi máìlì 980. Èyí jẹ́ 2.70 fún máìlì kan, inú mi sì dùn dé bi pé mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti fi yangàn. Ohun tí wọ́n sọ ò ju ìbéèrè kan lọ: “Àbúrò, o ti rí ibi tí o máa wọ̀, ibo lo fẹ́ gbà jáde?” Mo rò pé wọ́n ń jowú ni. Mo gbé ẹrù náà ní ọjọ́ Ajé, mo já a láàárọ̀ ọjọ́ Rú. Ìgbà tí mo wá ṣí áàpù ní Lakeland ni mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Florida jẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ ju bó ṣe ń pèsè lọ: tírélà tó ń kó ẹrù wọ ibẹ̀ pọ̀, ẹrù tó ń jáde kò tó nǹkan, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń san owó gidi fún ẹni tó ń wọlé, tí wọ́n sì ń fi owó yẹpẹrẹ lé ẹni tó ń jáde. Mo sùn mọ́jú ọjọ́bọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí kan tó kún dẹ́nu, kí n tó gba 1,250 láti padà sí Houston, lẹ́yìn tí mo ti fi òfìfo rin máìlì 60 lọ gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo já a.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìwọ̀n. Owó tó wọlé jẹ́ 3,900. Máìlì tí mo rìn, tòun ti 40 tí mo fi òfìfo rìn ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ 2,060, ó sì jẹ́ dọ́là 1,586. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 3,000. Gbogbo ìnáwó jẹ́ 4,586, àdánù sì jẹ́ 686. Kì í ṣe pé ẹnì kan wá sin mí lówó nílé. Owó iṣẹ́ ara mi ni àdánù náà jẹ, torí dípò 1,680 tó yẹ kó kàn mí fún ọjọ́ mẹ́fà, 994 péré ló kù. Nígbà tí mo gba lóòdù Memphis tí mo sọ lókè, 2.46 péré ni máìlì kan ń san, Lakeland ì bá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ ní Memphis bí eèrà. Ọjọ́ kejì tí mo já ẹrù náà ni mo ti gbé òmíràn lọ sí Dallas, máìlì 455, ní 1,100. Láti Dallas mo gbé ọ̀kan wálé sí Houston, máìlì 240, ní 780. Ọjọ́ mẹ́rin, dọ́là 3,280, máìlì 1,355 pẹ̀lú 90 tí mo fi òfìfo rìn. Ìnáwó jẹ́ 3,043. Èrè 237 ló kù lẹ́yìn tí mo ti san owó iṣẹ́ ara mi, mo sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́bọ̀.

DAT ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TriHaul tó máa ń wá irú ọ̀nà onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ jáde, tí yóò fi ìlú kan há àárín ibi tí ẹ ń lọ àti ilé. Ó wúlò fún ẹni tí kò tíì mọ ìlú tó ń jẹ àti ìlú tó ń pèsè. Èmi kì í lò ó púpọ̀ mọ́. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ kùn ni mo máa ń wò, èyí tó ń fi hàn iye ẹrù tó wà fún tírélà kọ̀ọ̀kan ní agbègbè kan. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá gbóná, ẹrù ju ọkọ̀ lọ níbẹ̀, ẹnu ọlọ́kọ̀ sì ń gbà. Laredo, níbi tí ẹrù láti Mẹ́síkò ti ń wọlé, kì í sábà ṣàìní ẹrù. Florida tí mo bú lókè yìí pàápàá máa ń yí padà láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, nígbà tí ewébẹ̀ àti èso oko wọn bá ń jáde. Àwọn onítírélà onífíríìjì ló kọ́kọ́ máa ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rọ́ lọ síbẹ̀, owó dry van náà á gbéra. Àsìkò yẹn nìkan ni mo tún máa ń gbà láti lọ.

Àkókò ni ohun tí iye owó ojú áàpù kò lè sọ fún yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún wa ní wákàtí 11 láti wakọ̀ lóòjọ́, wákàtí 11 náà sì gbọ́dọ̀ wáyé nínú wákàtí 14 tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ìsinmi wákàtí mẹ́wàá gbáko ni. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin ti ní kí ELD máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí gègé tó lè tún un ṣe. Ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Dallas, agogo méje òwúrọ̀ ni wọ́n dá fún mi. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan bí abala búrẹ́dì, wọ́n ní yóò tàn pupa bí ilẹ̀kùn bá kàn mí. Mo gbé e sórí ìdarí ọkọ̀, mo ń wò ó. Agogo kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló tó tàn, ìṣẹ́jú 40 péré sì ni wọ́n fi já gbogbo ẹrù náà. Owó ìdádúró wà nínú ìwé àdéhùn, dọ́là 50 fún wákàtí kan lẹ́yìn wákàtí méjì àkọ́kọ́, mo sì gba 200. Ṣùgbọ́n lóòdù agogo mọ́kànlá tí mo ti ṣètò sílẹ̀ ti bọ́, ọjọ́ náà sì bá a lọ. Awakọ̀ tó bá ti tò sí ìlà Àpápá rí kò ní ṣàìmọ̀ pé ìdúró ń jẹ owó. Láti ìgbà náà, kí n tó sọ pé mo gbà, mo máa ń béèrè orúkọ ibi tí wọ́n ti ń gbé e àti ibi tí wọ́n ti ń já a lọ́wọ́ alágbàtà, torí ìlú nìkan ló máa ń wà lójú pátákó, mo sì máa ń ka ohun tí àwọn awakọ̀ ti kọ nípa ibẹ̀ lórí Google.

Ìwọ̀n ẹrù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀, tírélà àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju póùn 80,000 lọ lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Omi inú ike tó wọn póùn 44,000 àti ìwé ìnùdí tó wọn 15,000 lè máa san owó kan náà; èmi ìwé ìnùdí ni mo máa gbé, epo mi á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ alágbàtà ló gba ìṣọ́ra. Òfin ní kí alágbàtà kọ̀ọ̀kan ní owó ìdúró dọ́là 75,000, èyí tí wọ́n lè fi san ọlọ́kọ̀ bí òun kò bá san, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ ogójì ọlọ́kọ̀ lówó kó tó wọlẹ̀, gbogbo wọn ni yóò pín in. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo iye ọjọ́ ìsanwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: bí ó bá ti ju ọjọ́ 45 lọ, mo fi í sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà tó máa ra ìwé gbèsè náà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n á san owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á sì yọ ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń yọ mọ́ ìnáwó yín, torí òun náà ń jẹ nínú èrè. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan tún wà tí wọ́n máa ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ gidi gba ẹrù, tí wọ́n á tún un tà fún ọlọ́kọ̀ mìíràn, tí wọ́n á sì bá owó lọ. Ọ̀kan ṣe é fún mi rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni àdírẹ́sì íméèlì rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀, n kò sì rí i títí dọ́là 1,900 fi wọgbó. Ní báyìí, nọ́ńbà fóònù tó wà lójú ìwé FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, ni mo máa ń pè, kì í ṣe èyí tí ẹni náà bá fi ránṣẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba nọ́ńbà MC, ìyẹn nọ́ńbà ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ kó ẹrù, mo gbà á nímọ̀ràn kó má tíì sáré san ìpele tó wọ́n jù nínú owó oṣooṣù áàpù náà. Ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í fún ọlọ́kọ̀ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà ní ẹrù, wọn kì í sì í gba adójútòfò tó kéré sí mílíọ̀nù kan dọ́là, bí òfin tilẹ̀ ní 750,000 tó. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ẹ ó máa rí ẹrù lójú áàpù tí ọwọ́ yín kò ní tó. Ìpele tó kéré jù tó fún ìgbà yẹn, bí kò tilẹ̀ ní gbogbo àkọsílẹ̀ owó tí mo yìn lókè. Ẹ fi kọ́ bí ọjà ṣe ń lọ, kí ẹ sì máa fi ojoojúmọ́ kọ iye tí ọkọ̀ yín ná sínú ìwé. Tí alágbàtà bá ti ń gbé fóònù yín, tí ìwé náà sì ti fi nọ́ńbà méjì tiyín hàn yín, ẹ gòkè sí ìpele tó ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dọ̀ mi, ìpè kan bíi ti Memphis yẹn ti san owó oṣù rẹ̀, owó sì ṣẹ́kù.